Òṣùká Ilé-awakọ̀ Katapílà: Àbá Lórí Orúkọ Kan

Láàárín Kabba àti Obajana, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, títì kan wà tí ó gùn tó kìlómítà 43, tí a fi kọnkéré ṣe. Ní Obajana ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008 wà, níbi tí a ti ń wa òkúta-ẹfun. Katapílà kì í ṣe ohun àjèjì ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé tí awakọ̀ ń jókòó sí lórí ọ̀kan nínú wọn, a óò rí rọ́bà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, tí a há sáàárín irin. Orí wọn ni ilé náà jókòó lé. Orúkọ tí ó yẹ àwọn rọ́bà wọ̀nyí ni a ń wá nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ sí Yorùbá yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀.

Kí a tó sọ nǹkan lórúkọ, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá jókòó lórí ohun tí ó rọ̀ ni ó ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí a bá tì í tí a sì fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní iye-àbímọ́ rẹ̀. Bí gbígbọ̀n tí ó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bá yára ju ìlọ́po 1.4 iye-àbímọ́ náà lọ, rọ́bà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dí i lọ́nà. Bí kò bá yára tó bẹ́ẹ̀, ilé-awakọ̀ yóò gbọ̀n tó bí férémù ti ń gbọ̀n, tàbí kí ó tilẹ̀ gbọ̀n jù ú lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rọ́bà tí ó ti gbó. Ooru àti ọjọ́ orí a máa mú un le; ọ́ìlì a máa mú un wú. Bí ó bá ti le, iye-àbímọ́ yóò gòkè, gbígbọ̀n tí kò rọ́nà gbà tẹ́lẹ̀ yóò sì rí àyè kọjá.

Ara awakọ̀ ni ìyà náà ń jẹ. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe lórí gbígbọ̀n ní ọdún 2002 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ wá nǹkan ṣe bí ìwọ̀n rẹ̀ lára òṣìṣẹ́ bá ti ju 0.5 lọ fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá 1.15 rárá. Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan níbí. Gbígbọ̀n tí ó lọ́ra, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí ó ń ni ẹni tí ó jókòó lára jù, síìtì onísípíríìngì ni ó ń kojú rẹ̀ jù. Èyí tí ó yára, tí ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù ń dá sílẹ̀, ni àwọn rọ́bà abẹ́ ilé-awakọ̀ ń kojú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. A óò padà dé orí rẹ̀.

Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìṣípòpadà ohun. Ẹ̀ka igi a máa mì, ohun tí a so rọ̀ a máa fì, ẹni tí ibà mú a máa gbọ̀n. Nínú gbogbo wọn, ‘gbọ̀n’ nìkan ni ó jẹ mọ́ ìṣípòpadà kékeré tí ó yára, tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra lójú kan. Àwa tí a ń kọ́ni ní fònẹ́tíìkì ti ń sọ pé tán-án-ná ń gbọ̀n rìrì bí a bá pe ìró akùnyùn, a kò sì rí ìdí tí a kò fi ní yá mẹkáníìkì ní ‘gbígbọ̀n-rìrì’. Ó ku ohun tí rọ́bà ń ṣe sí i. Méjì ni. Ó ń dí i lọ́nà, èyí ni a pè ní ‘ìdílọ́nà’. Ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ooru, èyí ni a pè ní ‘ìmúrọlẹ̀’. Sípíríìngì irin mọ ìdílọ́nà dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìmúrọlẹ̀: ohun tí a fún un ni ó ń dá padà. Nítorí ìmúrọlẹ̀ ni a ṣe ń rọ ọ́ìlì sílíkóònù sínú àwọn rọ́bà kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ná. Wọ́n ń pe rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jókòó lé ní ‘síìtì ẹ́ńjìnnì’. Kabba wà níbi tí èdè ti pàdé, Ẹbìrà ní gúúsù, Núpé ní àríwá, ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo wọn gbọ́ sì wúlò níbẹ̀. Àwa kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. A kò dábàá pé kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan mìíràn rọ́pò ‘bóòtì’. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé ‘pààrọ̀ síìtì ilé-awakọ̀’, àga ni òǹkàwé yóò pààrọ̀. Rọ́bà tí ó ti le yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, kì í ṣe ọ̀kan náà. ‘Tìmùtìmù’ ní àbùkù kan náà: ohun tí ènìyàn ń jókòó lé ni.

‘Òṣùká’ ni àwa fara mọ́. Kì í ṣe apá kan lára ẹrù, kì í ṣe apá kan lára orí. Àárín méjèèjì ni ó wà, kí ìnira ọ̀kan má baà dé ara èkejì. Ó rọ̀, ẹrù a máa tẹ̀ ẹ́, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti pẹlẹbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ wò:

‘Gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì yọ wáyà bátìrì. Tú họ́ọ̀sì àti wáyà tí kò ní gùn tó bí ilé-awakọ̀ bá gbéra. Tú bóòtì òṣùká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi kíréènì tàbí jáàkì gbé ilé náà díẹ̀, kí o sì ti igi líle bọ abẹ́ rẹ̀ kí o tó na ọwọ́ síbẹ̀. Yọ òṣùká àtijọ́, nu ojú irin mọ́, kí o sì fi tuntun rọ́pò gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ ilé-awakọ̀ kalẹ̀, kí o lọ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n ìlọ́ tí ìwé ẹ̀rọ sọ.’

‘Lẹ́ẹ̀kan náà’ ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ọ̀kan bá rọ̀ tí mẹ́ta sì le, ẹrù kò ní pín dọ́gba lórí wọn. Ní ti bóòtì, ibẹ̀ ni àfiwé wa ti já. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìṣó kan òṣùká mọ́ orí, ẹrù sì lè já bọ́. Ilé-awakọ̀ kò gbọdọ̀ já bọ́: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, òun ni ó ń dáàbò bo awakọ̀ bí katapílà bá dojú dé, bóòtì wọ̀nyí ni ó sì dè é mọ́ férémù. Nítorí náà a kò lè gba ‘fún un dáadáa’ wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ó dán mọ́rán, nítorí pé ‘dáadáa’ ti ẹni tí apá rẹ̀ le yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́. Ìlọ́ ní òǹkà, Newton-mítà ni a fi ń wọ̀n ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ‘ìlọ́’ lọ, a ń retí rẹ̀; kí ó ṣáà jẹ́ èyí tí a lè kọ òǹkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.