Ẹ̀jẹ̀ Dídà Lẹ́yìn Ìbímọ àti Ṣọ́ọ̀kì: Bí Ara Ṣe Ń Jà, Bí Ó Ṣe Ń Padà Bọ̀ Sípò

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà kọjá ààlà lẹ́yìn ìbímọ lè gba ẹ̀mí ìyá láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ ọ́n dáadáa.

KÍ NI ṢỌ́Ọ̀KÌ?

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ káàkiri ara. Bí ó bá dà nù tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó kù kò tó fún ọpọlọ, ọkàn àti kíndìnrín mọ́, ìyẹn ni ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ìjáyà lásán. Nígbà tí oyún bá pé oṣù, bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba ilé-ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ibi bá ti wálẹ̀, ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ sún kì, kí ó le, kí ó lè fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Bí ó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Àwọn kan a máa ní ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, ẹ jẹ́ kí ó jáde. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

BÍ ARA ṢE Ń JÀ

Ọkàn yóò máa sáré. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti awọ ara yóò fún, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè wà fún ọpọlọ àti ọkàn. Ìdí nìyí tí ara ìyá fi ń tutù, tó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ìjà yìí máa ń tan ni jẹ. Ìfúnpá lè dára lójú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti lọ. Ẹ ka ìlùkìkì ọrùn-ọwọ́. Bí ó bá ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ó fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà òkè ìfúnpá, ewu ti dé.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

1. Ẹ ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ tẹ́ ìyá gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fi aṣọ bò ó.
2. Ẹ fi ọwọ́ ra ilé-ọmọ láti orí ikùn títí yóò fi le. Ẹ jẹ́ kí ó tọ̀.
3. Kí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ fún un ní oxytocin, díríìpù, àti tranexamic acid gíráàmù 1 kí wákàtí 3 tó pé lẹ́yìn ìbímọ.
4. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí oúnjẹ.

Ẹ má fi ojú wọn ẹ̀jẹ̀; ẹ fi ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n gbà á. Bí ó bá pé mílílítà 500, ẹ ti pẹ́ jù láti máa wòye. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tanzania, fi hàn pé wíwọn ẹ̀jẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ dín ọ̀ràn tó le kù ní ìdá 60 nínú 100.

BÍ ARA ṢE Ń PADÀ BỌ̀ SÍPÒ

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, omi inú ẹran ara yóò wọ inú iṣan, kíndìnrín yóò sì máa pa omi mọ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣàn. Mùdùnmúdùn eegun ló ń ṣe pupa ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ìyá, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, má dìde lójijì. Lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọ, jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ọsàn. Bí omi ọmú bá kọ̀ tí kò wá, sọ fún dókítà.

KÍ ỌJỌ́ ÌKÚNLẸ̀ TÓ DÉ

Bímọ sí ilé ìlera. Mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bá ọkọ àti ẹbí sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ọkọ̀ tó lè gbé ọ lóru lọ sí Ẹdẹ, Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀. A kì í wá ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà.

Ẹ ó sọ̀ láyọ̀ o.