Owó Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Pa Á Láìṣagbe, Tí Kò Sì Ní Pòórá

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá níbí, iléèwé gíga ìjọba àpapọ̀ méjì ló wà láàárín wa: kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ lójú ọ̀nà Alábàtà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, ìṣòro kan náà ló sì ń bá wọn fínra: owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe kò ju méjì lọ. Wọ́n á bu owó lé ọmọ ẹgbẹ́ lórí, tàbí kí wọ́n kọ lẹ́tà sí olóṣèlú. Ẹni tí kò rówó san á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpàdé. Lẹ́tà olóṣèlú ńkọ́? Ó lè má lésì títí sáà á fi parí. Ó sàn kí ẹgbẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pawó. Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta yìí:

1. Ọjà oúnjẹ. Gàrí, làfún àti ẹlúbọ́ kò wọ́n lágbègbè wa. Ẹ ra gàrí ní àpò, ẹ dì í sí ọ̀rá kéékèèké, kí ẹ tà á fún àwọn tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 30 dá ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦30,000 nìyẹn. Bí ẹ bá jèrè ₦6,000 lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín sáà, èrè ti di ₦30,000. Ẹ lè dá owó oníkálukú padà fún un, kí èrè jẹ́ ti ẹgbẹ́.

2. Aṣọ ẹgbẹ́. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Àmọ́ ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ aṣọ kí ẹ tó lọ rà á. Ẹgbẹ́ tó bá ra ọjà àwìn lè fi gbèsè parí sáà.

3. Iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀ lè gbin tẹ̀tẹ̀. Láàárín bí oṣù kan, ó ti tó tà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè ṣe lẹ́sìnnì fáwọn ọmọdé nígbà ìsinmi.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ iléèwé o.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1925. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ kì í fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Lọ́dún 1929, Ṣólàńkẹ́ wọkọ̀ padà sílé, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 1932, ó ń wá owó tí ẹgbẹ́ yóò fi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Lọ́dún 1933, wọ́n ṣí i. Gbogbo ẹni tó dáwó ló mọ ohun tí owó náà wà fún. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá lọ bá àwọn tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má kàn sọ pé "ẹ ràn wá lọ́wọ́". Ẹ sọ pé àga 20 lẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bí ẹ ṣe máa tọ́jú owó. Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì akápò. Bó bá ṣàìsàn ńkọ́? Bó bá jáde iléèwé ńkọ́? Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ní gbogbo ìpàdé, ẹ ka iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í ṣe àìrówó ló tú wọn ká, àìmọ ibi tí owó wọlé sí ni. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rí ìṣirò á tún dáwó lọ́la. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.