Ẹyẹ Ẹnu Ọdẹ àti Ẹyẹ Ojú Ìwé

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ téèyàn lè gbà mú ẹyẹ ìgbẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ni ti ọdẹ tó ń sun ìjálá, tó ń fi ẹnu kì í. Ìkejì ni ti ayàwòrán tó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, tó ń ya ẹyẹ bó ṣe wà láàyè níwájú rẹ̀. Ní agbègbè wa yìí, Ìkìrun, Ìníṣà, Ìbà títí dé Òkukù, ti àkọ́kọ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́. Òkukù náà ni onímọ̀ Karin Barber ti kó oríkì tó fi kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991. Ti ìkejì ṣì ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé Òṣogbo ò jìnnà sí wa, ayàwòrán sì pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí Ulli Beier àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 1962, àmọ́ ẹyẹ inú àwòrán Twins Seven Seven, ọ̀kan lára wọn, inú ìtàn àti àlá ló ti fò wá, kì í ṣe orí ọ̀pẹ. Mi ò ka ìyẹn sí àléébù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ta ló lè sọ bóyá ẹyẹlé ló wà lórí rẹ̀ tàbí àdàbà? Alágbẹ̀dẹ ò tiẹ̀ retí ká béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gà wọn ọ̀nà méjèèjì wò. Ta ni ò mọ ariwo ẹ̀gà? Ọ̀pẹ tí wọ́n bá tẹ̀dó sí, kò ní pẹ́ tí imọ̀ rẹ̀ á fi pá. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Yóò fi ẹnu gé etí ewé díẹ̀, yóò di ibẹ̀ mú, yóò sì fò lọ. Bó ti ń fò ni ewé ń fà ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Tó bá hun ún tán, yóò so dòròdòrò sábẹ́ ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, orí nísàlẹ̀, ìyẹ́ ń gbọ̀n, ariwo ń ta, ó ń pe abo. Bí ewé bá gbẹ tí abo kankan ò tíì yà síbẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ náà ló máa fi tú u palẹ̀, táá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé yóò tún ohun tó ṣe ṣe. Nítorí náà, ayàwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gà mélòó kan sójú ìwé kan ṣoṣo: ìlà ẹ̀yìn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ibi tí orí dà sí. Bí ẹyẹ bá yí padà, á fi èyí sílẹ̀, á mú òmíràn. Bó bá tún so rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́, á padà sí ti àkọ́kọ́. Ojú pupa rẹ̀ àti ìyẹ́ wínníwínní ló ń gbẹ̀yìn. Tílẹ̀ bá mọ́ dáadáa, tí oòrùn mú, àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun lójú ẹni, iṣẹ́ ọ̀dà tán nìyẹn.

Ohun tó máa wà lójú ìwé ni ẹ̀yìn kan, apá méjì, orí dúdú kan tí ìpàkọ́ rẹ̀ pọ́n, kò sí èyí tó parí. Ẹni tó fẹ́ àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri yóò ní kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe. Èmi ní kó lọ gbọ́ oríkì ẹ̀gà. Ìlà kan á mẹ́nu ba ohùn, èyí tó tẹ̀ lé e á mẹ́nu ba aṣọ, òmíràn á sọ oko tí wọ́n bà jẹ́, ọ̀kan ò dúró de ìkejì, ẹnikẹ́ni ò sì bi apohùn pé èwo ló ṣáájú. Lójú tèmi, ojú ìwé tí àbọ̀ ẹ̀gà kún yẹn, ọmọ ìyá oríkì ni ju fọ́tò inú fóònù lọ. Ìṣẹ́jú akàn kan ni fóònù mú. Àwọn méjì tó kù kó ìwà ẹyẹ jọ.

Ẹni tó bá sì rò pé ìbọn ló ya ọdẹ àti ayàwòrán sọ́tọ̀, kó rántí Audubon, ayàwòrán ẹyẹ ará Amẹ́ríkà. Ẹyẹ tó yìn nìbọn, tó fi wáyà na apá àti ọrùn wọn, ló yà sínú The Birds of America tó jáde láàrin 1827 sí 1838.

Ibi tí ìjálá ti borí ni ìwà àti ohùn. Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1966 bí ẹranko àti ẹyẹ ṣe kún ẹnu ọdẹ tó. Àní òwe àparò tó gun orí ebè ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n fojú rí lóko ni: orí ebè ló ń dúró ké.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ẹyẹ ni oríkì ń bá sọ̀rọ̀. Odídẹrẹ́ ń wọ́n nínú igbó. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó tà kọjá ẹnubodè. Ọmọ tí kò rí i rí, kí ni kíkì í máa sọ fún un? Àwòrán lè fi ìrù pupa yẹn hàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbátan ẹ̀gà kan, pupa àti dúdú, tí Elgood tó ń kọ́ni n'Ìbàdàn ṣàpèjúwe ní 1958, tí kò sí níbòmíràn àfi ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà: ibi tí pupa rẹ̀ dé ló fi yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́, pẹ́ńsùlù ló sì tètè ń sọ irú ìyẹn.

Ti àwọ̀ wá ta kókó. Àwọn àgbà ti pín in: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Osùn àlùkò jẹ́ òótọ́, nítorí èròjà tó ní bàbà nínú ló mú kí ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n. Aró agbe ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹ́ ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ ká ló sọ ọ́ di búlúù, kò sí ọ̀dà búlúù kankan níbẹ̀. Lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tún le jù, torí funfun lórí ìwé funfun kì í hàn. Koríko gbígbẹ àti màlúù ni ayàwòrán máa kùn, tí yóò fi ẹyẹ sílẹ̀ láàrin, àfi òjìji díẹ̀ lábẹ́ apá. Ọyẹ́ á sì ti mú ọ̀dà gbẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kúrò níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, pẹ́ńsùlù ni màá mú lọ́sàn-án. Ti òwìwí ni mi ò lè gbà fún pẹ́ńsùlù. Lọ́sàn-án, ẹyẹ tó ń tòògbé ni yóò yà. Ohun tó ń ṣe lóru, ọwọ́ ọdẹ ló wà.