Anemone àti iyùn ààyè nínú àpótí ẹja: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Igando mọ̀ kó tó náwó sí i

Òwò àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí jẹ́ èyí tí èèyàn lè fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Igando, Ikọtun àti Ẹgbẹda. Ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ọsibítù aládàáni lè di oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oníbàárà bá ní omi iyọ̀ lòun fẹ́, pé kí iyùn ààyè àti anemone jọ wà níbẹ̀ bíi ti inú fíìmù Finding Nemo tó jáde lọ́dún 2003, ọjọ́ náà ló yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ ṣírò. Àpótí tó gba owó rẹpẹtẹ lè di omi tó ń rùn láàárín òru ọjọ́ kan.

Iyùn tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn, egungun ẹranko inú òkun ni. Àwọn ìbátan ẹranko yẹn ni wọ́n ń sin láàyè nínú àpótí. Ìbátan wọn ni anemone náà: ó dà bí òdòdó, àmọ́ ẹranko ni, oró sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé iyùn kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n anemone ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí ìṣàn omi kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ṣí lọ síbòmíràn, yóò sì máa ta iyùn tó bá fara kàn lọ́nà. Èyí tó burú jù ni kó rìn wọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ̀rọ á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òkú rẹ̀ á ba omi jẹ́, ó sì lè pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi anemone sínú àpótí tuntun. Wọ́n máa ń dúró tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí omi lè fìdí múlẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí anemone yan àyè tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó kó iyùn wọlé. Òkúta rẹ̀ á dá dúró láàárín yanrìn, jìnnà sí ti iyùn, wọ́n á sì fi fóòmù bo ẹnu ẹ̀rọ.

Omi bọ́ọ̀hòlù kò ṣeé dà sí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti sẹ́ ẹ dáadáa, kí wọ́n po iyọ̀ òkun bíi gíráàmù 35 mọ́ lítà kan, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Owó iná tún ńkọ́? Bí ẹ̀rọ àti gílóòbù bá ń jẹ wáàtì 150 tọ̀sán-tòru, yúníìtì 3.6 ni lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná Band A sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yẹn ti yí padà lẹ́yìn náà, tí a bá fi ṣírò, náírà 24,300 ni fún ọgbọ̀n ọjọ́, láìka owó jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Ìwé àṣẹ náà wà ńbẹ̀. Iyùn oníkòkó líle wà lábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 1974. Ẹni tó bá kó o wọlé láìní ìwé láti orílẹ̀-èdè tó ti wá lè pàdánù ẹrù rẹ̀.

Ohun tó dáa jù fún oníṣòwò ni kó má ta méjèèjì pọ̀ fún oníbàárà tí kò ní í ráyè tọ́jú wọn. Kó fi anemone sínú àpótí tirẹ̀, kí iyùn wà nínú tirẹ̀. Ẹja Nemo tí oníbàárà ń fẹ́ lè gbé inú àpótí láìsí anemone rárá, owó díẹ̀ nìyẹn yóò sì ná an. Bí oníbàárà bá ta kú pé àfi kí wọ́n jọ wà, kí ẹni tí òfò yóò já lé lórí hàn nínú ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.