Bí Ọkọ Bá Kú



Bí ọkọ bá kú, ọ̀fọ̀ kì í tán lọ́jọ́ ìsìnkú. Nígbà tí àlejò bá tú ká ni ilé ń dá páropáro. Opó lè má rí oorun sùn, oúnjẹ lè má wù ú. Kì í ṣe wèrè, ìbànújẹ́ ni. Ẹ má sọ pé kó má sunkún. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ olóògbé. Ẹ bá a ro oko. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí kò lè dìde ṣiṣẹ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má sì lé e kúrò nílé. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ẹbí ọdún 2004 fún opó tó ṣe ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba ní ìpín nínú ogún ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò yẹ kí ebi tún pa á.