Ẹ̀fọn Inú Ọgbà Wa: Gọ́tà Nìkan Kọ́ Ló Jẹ̀bi



Bí òjò bá ti dé ní oṣù kẹrin, tó bá tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ láti Agboju dé Mile 2: "Ara ọmọ ò yá, mi ò lè wá sọ́jà." Ìsọ̀ á wà ní títì, tòmátì á bà jẹ́, owó oògùn á jẹ owó ọjà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Nínú 100 èèyàn tí ibà ẹ̀fọn pa lágbàáyé ní 2022, nǹkan bí 31 ló kú ní Nàìjíríà níbí, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ bi èèyàn níbi tí ẹ̀fọn ti ń wá, gọ́tà àti kánààlì ni yóò sọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ Festac sí fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà 1977, omi kì í tètè fà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọn tó ń jẹ wá, inú ọgbà wa la bí i sí.

Oríṣi mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀. Èkíní, ti gọ́tà àti sókáwéè, omi ìdọ̀tí ló fẹ́ràn. Òun ló sábà ń kùn sí wa létí lóru, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé ibà. Èkejì, tí àwọn dókítà ń pè ní Anopheles, òun gan-an ló ń gbé ibà. Omi tó mọ́ ló fẹ́ràn jù: omi òjò nínú kòtò àgbàlá àti nínú ipa táyà mọ́tò. Ẹ̀kẹta dúdú, ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni. Dúrọ́ọ̀mù, táyà àlòkù, agolo àti ìkòkò òdòdó ló ń yé sí, òun ló sì ń gbé ibà apọ́njú. Ẹni tó kó gọ́tà tán tó ṣí dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, ilẹ̀kùn ló tì, fèrèsé ló gbàgbé.

Àwọn àgbà wa á rántí wolé-wolé. Inú ìkòkò omi ló ń yọjú sí. Bó bá rí tanwíjí, ó di ẹjọ́. Ó nídìí. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá yé ẹyin títí tí tanwíjí á fi hu ìyẹ́, bí ọjọ́ 8 sí 14 ni. Ẹ wá wo ìmọ́tótó oṣooṣù tí ìjọba Èkó fi ń sé wa mọ́lé títí di 2016: kí oṣù tó yípo, ẹ̀fọn á ti rí ọmọ-ọmọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ yìí.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe nìyí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀:

1. Ẹ da gbogbo omi tó dúró nù. Ẹ fi kànìnkànìn fọ inú dúrọ́ọ̀mù, torí ẹyin ẹ̀fọn a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó tún pa nígbà tí omi bá kàn án.

2. Ẹ fi ìdérí tàbí awọ̀n bo dúrọ́ọ̀mù àti táńkì. Ẹ fi awọ̀n di ẹnu páìpù sókáwéè.

3. Ẹ fi iyanrìn dí kòtò. Ẹ kó táyà àti agolo kúrò nínú òjò.

4. Níbi tí omi gọ́tà ò bá ti lè ṣàn, ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. Ẹ má kán an sí omi lílò láéláé.

Oògùn fífọ́n kọ́? Èyí tó ń fò nìkan ló ń pa, kì í dé ọ̀dọ̀ tanwíjí. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n irú májèlé bẹ́ẹ̀ sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ọmọ sùn sí.

Ẹ̀fọn ò mọ ògiri. Bí ilé kan bá ṣe é, tí aládùúgbò ò ṣe é, asán ni. Kí gbogbo ilé inú klóòsì kan fẹnu kò sí ọjọ́ kan náà, kí àwa náà wo ẹ̀yìn ìsọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn.