Sàfírè Aláwọ̀ Aró: Bí A Ṣe Ń Ra Èyí Tí Iná Kò Kàn

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sàfírè rí, òkúta iyebíye tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, tí òǹkàwé Bíbélì ti bá orúkọ rẹ̀ pàdé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á ní Ratnapura ní erékùṣù Séílọ̀nì, tí ó di Sìrì Láńkà ní ọdún 1972. Láti nǹkan bí ọdún 2014, òkìkí sàfírè orí Òkè Máńbílà, ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, ti kàn dé etí àwọn oníṣòwò òkúta lẹ́yìn odi pẹ̀lú. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tí à ń rà àti ohun tí à ń tà.

Alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di sàfírè. Irin àti titáníọ̀mù kíún tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó fún un ní àwọ̀ aró. Lórí òṣùwọ̀n líle tí ó ní ipò 10, ipò 9 ni ó wà, dáyámọ́ǹdì sì wà ní ipò 10. Káráàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Káráàtì 5 ni ó di gíráàmù 1.

Ohun mẹ́rin ni ó lè máa jẹ́ orúkọ kan náà lórí àtẹ. Èkíní ni dígí lásán. Èkejì ni èyí tí ọwọ́ ènìyàn ṣe: ní ọdún 1902, Auguste Verneuil, ará Faransé, kéde ọ̀nà tí a fi ń yọ́ ìyẹ̀fun nínú iná di rúbì, kò sì pẹ́ tí a fi ṣe sàfírè bákan náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ti inú ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n tí a fi iná gbígbóná janjan tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a gé, tí a dán, tí a kò sì ṣe ohun mìíràn sí i.

Ẹ má ṣe rò pé ayédèrú ni ẹ̀kẹta. Sàfírè tòótọ́ ni, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ́jà. Ọ̀wọ́n ni ẹ̀kẹrin tí ó bá rẹwà, ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi ń ga. Nínú kí òǹtajà tijú àtisọ òtítọ́ nípa iná ni ẹ̀tàn wà. Ṣùgbọ́n àìkàn iná nìkan kò sọ òkúta di arẹwà: èyí tí ó ṣú tàbí tí ó ràn lè má tó èyí tí iná tún ṣe lówó.

Ẹni tí ó fẹ́ rà á kí ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kí ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó sì fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó. Bí ó bá rí èéfọ́ afẹ́fẹ́ roboto tàbí ìlà tí ó tẹ̀ kọdọrọ, kí ó fura sí dígí tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí òwú sẹ́dà tí kò já jẹ́ àmì rere, nítorí iná líle a máa yọ́ ọ. Síbẹ̀, iná tí kò le púpọ̀ lè dá a sí. Ojú nìkan kò tó ṣe ìdájọ́.

Òótọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nítorí náà, bí òkúta bá lówó lórí, kí a béèrè ìwé ẹ̀rí láti ilé àyẹ̀wò tí kò bá òǹtajà dòwò pọ̀, irú bíi GIA ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Kí a rí i pé ìwúwo àti ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé bá ti òkúta ọwọ́ wa mu. Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé a kò rí àmì iná. Kì í dá iye owó. Kí òǹtajà sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun yóò gba ọjà padà bí àyẹ̀wò bá tako ọ̀rọ̀ òun.

Àìmọ̀ kì í ṣe òǹrajà nìkan ní ibi. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣòwò Táíláńdì ra àwọn òkúta funfun bàìbàì tí ará Séílọ̀nì kò kà sí, wọ́n fi iná sọ wọ́n di aláwọ̀ aró, wọ́n sì jèrè ńlá. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí àwọn awakùsà Máńbílà, ẹ jẹ́ kí a máa fi ìmọ̀ yìí kọ́ni ní ilé-ìwé.